Àpótí Afẹ́fẹ́ àti Ìpáàrà Ara Irin

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà títì tí ó ti Dáṣà wá sí Savalou, tí ó sì ré kọjá sí Bantè kí ó tó forí lé Bassila àti Djougou, yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí ìjọba ilẹ̀ Benin fi pe ẹkùn náà ní Collines, ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé ń lò fún òkè, nígbà tí wọ́n yà á kúrò lára ẹkùn Zou ní ọdún 1999. Nítorí òkè olókùúta ni ó dúró káàkiri ilẹ̀ náà bí àgbà tí ń ṣọ́ ọmọ, oko iṣu àti oko kaṣú ni ó sì tẹ́ sí ẹsẹ̀ wọn. Ní Djaloukou, tí ó wà lábẹ́ Savalou, alùpùpù ni ẹṣin àwọn ènìyàn. Òun ni ó ń ru iṣu bọ̀ láti oko, òun ni ó ń gbé aláboyún dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí, òun ni àwọn zémíjàn, àwọn tí ń gbé èrò, fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ pupa ọ̀nà oko kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, òjò kò sì mọ ọjọ́ orí irin: bí erùpẹ̀ ti ń pò mọ́ epo tí ń jò lára ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń le, tí ó ń dì bí amọ̀ inú ààrò, tí ìpáàrà sì ń gba abẹ́ rẹ̀ jẹ irin lọ díẹ̀díẹ̀, títí alùpùpù tí ó wọ ìlú pẹ̀lú ìdùnnú yóò fi di ohun tí a ń tì lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ń tún un ṣe.

Ìyà tí irin ń jẹ yìí náà ni ó bí èyí tí ọmọ iṣẹ́ ń jẹ. Mo ti jókòó pẹ́ ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ tó láti mọ̀ pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ tí a fà lé ọ̀gá lọ́wọ́ ń ṣe, fífọ irin ni ó ń pa á lẹ́kún jù. Wọn yóò da epo bẹntiróòlù sínú ọpọ́n, wọn yóò kó kabúrétọ̀, ìdè bíréèkì àti orí ẹ́ńjìnnì sí i, ọmọ náà yóò sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti bébà oníyanrìn ha á láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ orí, tí awọ ọwọ́ rẹ̀ yóò máa bó, tí kọ̀rọ̀ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé yóò sì wà bí ó ti wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn, òun ni ó sì sún mi tí èmi àti ọ̀gá kan tí ń jó irin pọ̀ fi dáwọ́ lé àpótí tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí: àpótí tí a ń ki ọwọ́ bọ̀, tí a ti ń fi afẹ́fẹ́ alágbára fọ́n ọkà kéékèèké lu irin títí ìpáàrà, ọ̀dà àtijọ́ àti èérí tí ó ti di òkúta yóò fi bọ́ lára rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n àjèjì pátápátá ni èyí. Ta ni kò mọ̀ pé yanrìn àti eérú ni àwọn ìyá wa fi ń bọ́ èédú ìdí ìkòkò kí ọṣẹ tó gbòde? Agbẹ́gilére tí ó bá ti fi ọ̀bẹ parí ère rẹ̀, ewé ìpín ni yóò já wá, ewé tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò, òun ni yóò fi máa ra igi náà títí yóò fi máa dán. Ní ti afẹ́fẹ́, kí ni alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì ṣe bí kì í bá ṣe pé ó ń kó afẹ́fẹ́ jọ, tí ó ń há a mọ́ inú awọ, tí ó sì ń darí rẹ̀ gba ojú ihò kékeré kan kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i? Ní ilẹ̀ Bassar, lọ́hùn-ún ní Togo, tí kò jìnnà púpọ̀ sí àwọn òkè wa wọ̀nyí, àwọn ènìyàn ti ń yọ́ irin láti inú òkúta fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, kí irin àwọn òyìnbó tó wọlé dé tí ó sì pa iná ìléru wọn. Àwa ọmọ Ògún Lákáayé, Ọṣìn Imọlẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fi atẹ́gùn bá irin sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ so afẹ́fẹ́ mọ́ yanrìn, tí ó sì gba ìwé àṣẹ fún un, ni Benjamin Chew Tilghman, ọmọ ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí ó ti ṣe ọ̀gágun nínú ogun abẹ́lé wọn. Oṣù kẹwàá ọdún 1870 ni ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ fún un ní ìwé náà. Wọ́n ń pa á nítàn pé ibi tí ó ti rí bí ìjì aṣálẹ̀ ti ń fi yanrìn ha gíláàsì fèrèsé títí tí kò fi ṣeé wò kọjá mọ́ ni òye náà ti yé e. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí, bóyá ìtàn ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní pápá nígbà ọyẹ́, tí yanrìn ń ta á lójú, yóò gbà pé ohun tí ó lè jẹ́ òtítọ́ ni. Ọkà yanrìn kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹgbàágbèje bá tẹ̀ lé ara wọn, tí afẹ́fẹ́ sì ń lé wọn bí olè, irin gan-an yóò bọ́ awọ fún wọn.

Dúrọ́ọ̀mù epo tí ó ń gba 200 lítà ni a fi ṣe ara àpótí wa, nítorí pé ohun tí ó wà nílẹ̀ ni a fi ń ṣe ohun tí kò sí nílẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ dúró níhìn-ín sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí bẹntiróòlù ojú pópó tí wọ́n ń pè ní kpayo ti pọ̀ tó báyìí, kò sí dúrọ́ọ̀mù tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò gbé bẹntiróòlù rí, atẹ́gùn epo tí ó ṣẹ́kù sínú dúrọ́ọ̀mù òfìfo sì burú ju epo gan-an lọ, nítorí pé iná kan ṣoṣo láti ẹnu irinṣẹ́ ajórin ti tó láti mú un bú gbàmù. A fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì tún rọ omi kún inú rẹ̀ títí dé abẹ́ ojú ibi tí a fẹ́ gé kí ọ̀gá tó súnmọ́ ọn. Ìgbà tí a gé ihò àkọ́kọ́ tán ni ọkàn mi tó balẹ̀.

A dá dúrọ́ọ̀mù náà dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, ní gíga tí ẹni tí ó dúró kò fi ní tẹ̀ba. A gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì jó páànù pọ̀ sí i ní àwòrán àrọ tí a fi ń rọ epo, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kí ọkà tí a bá fọ́n lè máa yọ̀ padà sí ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé a fi ọwọ́ gbá a jọ. Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe kò dà tó, ọkà ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, a sì tú u ká, a tún un ṣe títí tí ó fi dà ju ìdajì igun òòró lọ. Àwọ̀n irin líle ni a tẹ́ sókè àrọ náà, orí rẹ̀ ni ohun tí a ń fọ̀ ń jókòó lé. Ẹ̀gbẹ́ kan dúrọ́ọ̀mù ni a sọ di ilẹ̀kùn, a fi rọ́bà táyà inú yí etí rẹ̀ ká kí ó lè dì típẹ́típẹ́. Ní iwájú, a gé ihò méjì tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, a so ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn tí ó dé ìgúnpá mọ́ wọn. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nítorí náà ọmọ iṣẹ́ tí ó kéré jù àti ọ̀gá tí ó tóbi jù ni a fi díwọ̀n ihò náà, kí ó má baà ṣe pé ẹnìkan nìkan ni àpótí yóò gbà. Gíláàsì fèrèsé wà lókè ihò ìbọ̀wọ́, gílóòbù iná sì wà nínú, lẹ́yìn gíláàsì tirẹ̀. Nítorí pé ọkà tí ó ta padà kò ní í pẹ́ sọ gíláàsì di bí ojú arúgbó tí ó ti ń ṣú, ọ̀rá tí ó mọ́ gaara ni a lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Bí ó bá ti ṣú, a ó ṣí i, a ó lẹ òmíràn.

Ìbọn tí ń fọ́n ọkà ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà, bí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro fún ẹni tí ó bá rántí ohun èlò tí a fi ń fín oògùn ẹ̀fọn nígbà kan rí: ènìyàn a máa ti ọwọ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ a máa sá gba orí ọ̀pá kékeré kan kọjá, oògùn a sì máa gòkè wá fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó tì í. Níbikíbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń sáré kọjá lójú ọ̀nà tóóró, agbára ìtìlẹ́yìn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀, ohun tí ó bá wà ní ìtòsí ni yóò sì fà mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn wa. Ọ̀pá kan ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, ọ̀pá kejì ti ìdí àrọ wá, afẹ́fẹ́ fa ọkà gòkè, àwọn méjèèjì sì jọ jáde ní ẹnu ìbọn bí ọta. Ọkà náà kò mọ ọ̀rẹ́: bí ó ti ń jẹ ìpáàrà ni ó ń jẹ ẹnu ìbọn. Irin lásán kì í pẹ́ níbẹ̀, ẹnu ìbọn tí a fi amọ̀ sísun líle ṣe ni ó ń fara dà á, òun nìkan sì ni ohun tí a kò lè fi àtúnlò rọ́pò, owó ni a fi rà á.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ tí àwọn tó ń lẹ táyà ń lò ni a yá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ rẹ̀: àpótí yìí ń mu afẹ́fẹ́ bí ẹni tí ó ti oko bọ̀ ti ń mu omi. Ihò tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ, bí agbára afẹ́fẹ́ bá tó 80 lórí òǹkà tí a fi ń wọn táyà, yóò jẹ tó 450 sí 500 lítà ní ìṣẹ́jú kan; bí a bá sì sọ ìbú ihò náà di ìlọ́po méjì, oúnjẹ rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀rọ kékeré kò lè bọ́ ọ láìdúró. A ń fọ́n fún ìwọ̀nba ìgbà, a ń dúró kí ìkòkò afẹ́fẹ́ kún, a tún ń fọ́n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Omi ni ọ̀tá kejì. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná, bí ó bá sì tutù lẹ́yìn náà, ìrì tí ó wà nínú rẹ̀ yóò di omi, omi yóò pàdé ọkà ní ẹnu ìbọn, wọn yóò sì di ẹ̀bà. Nígbà ọyẹ́ a kò mọ̀ pé irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n bí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ìbọn ń dí ní wákàtí-wákàtí. Ọ̀pá irin gígùn tí a tẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láàárín ẹ̀rọ àti àpótí, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kí ó lè tutù, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi kékeré ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí a ń ṣí ní àràárọ̀, ni ó gbà wá.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó mú mi kọ̀wé yìí. Yanrìn odò ni a kọ́kọ́ rọ sínú àpótí náà. Ó pọ̀, ọ̀fẹ́ ni, orúkọ iṣẹ́ náà pàápàá kò sì jọ ohun mìíràn yàtọ̀ sí yanrìn. Kí ni à bá tún máa wá kiri? Irin mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wo ojú ọmọ iṣẹ́ tí ó ti ń dúró ti àpótí náà, mo rí i pé irun ojú rẹ̀ àti ihò imú rẹ̀ funfun bí ti ẹni tí ń ku èlùbọ́, mo sì gbọ́ ikọ́ kan lẹ́nu rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, àwa ni a da eérú, ọmọ ọlọ́mọ ni ó tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn.

Yanrìn odò jẹ́ òkúta líle tí ó ti ara òkè wá. Bí ó bá lu irin, yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yóò tún fọ́ di ẹ̀bú, nínú ẹ̀bú náà sì ni èyí tí ojú kò rí wà, tí kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìbú irun orí. Eruku ńlá ni imú ń mú, tí ikọ́ ń tì jáde. Èyí tí ó kéré tó báyẹn a máa kọjá lára irun imú, kọjá ọ̀nà ọ̀fun, ó di inú kọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí títí ayé. Ara yóò bá a jà, ogbẹ́ yóò di àpá, àpá yóò le, ibi tí ó yẹ kí ó máa fẹ̀ bí ẹwìrì yóò gan bí awọ tí a sá sóòrùn. Kò sí oògùn tí ń yọ ọ́. Ẹni tí ó bá wà lára rẹ̀ tún ń tètè kó ikọ́ ife, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ń pe àrùn rẹ̀ ní ikọ́ ife nìkan títí tí ó fi lọ.

Ayé ti fi ẹ̀mí ra ìmọ̀ yìí. Ní Hawks Nest, ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ihò gba inú òkè kọjá láti ọdún 1930, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ni eruku òkúta pa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì jẹ́ ènìyàn dúdú bíi tiwa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin ka yanrìn léèwọ̀ fún fífọ́n lu irin láti ọdún 1949. Èyí tí ó sún mọ́ àsìkò wa jù ni ti ilẹ̀ Túkì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń fọ́n yanrìn sára ṣòkòtò jíǹsì nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, kí ojú aṣọ lè ṣá bí èyí tí a ti wọ̀ gbó. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, wọ́n ń kú, ìjọba wọn sì fòfin dè é ní ọdún 2009. Mo máa ń rántí wọn bí mo bá dé ìdí òkìtì aṣọ àlòkù ní ọjà, tí mo bá rí jíǹsì tí itan rẹ̀ ti ṣá. Níhìn-ín gan-an, ní apá Dáṣà, àwọn obìnrin wà tí ń fi òòlù fọ́ òkúta òkè sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tí ń kọ́lé, tí ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Eruku kan náà ni.

A kó yanrìn náà dànù. Ohun tí ó yẹ kí a fi rọ́pò rẹ̀ pọ̀: ọkà alumíníọ̀mù tí a sun títí ó fi le ju yanrìn lọ, fún irin tí ìpáàrà ti wọ̀ lára, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí kò tóbi ju ọkà iyọ̀ lọ, fún kabúrétọ̀ àti irin rírọ̀ tí a kò fẹ́ kí ó họ. Ẹni tí ó bá bi mí pé ṣé kì í ṣe yanrìn ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, èsì mi ni pé iná ti yí ìwà rẹ̀ padà. Bí ó ti tò nínú òkúta kọ́ ni ó tò nínú gíláàsì mọ́, ìtò àkọ́kọ́ yẹn sì ni ẹ̀dọ̀fóró kò lè fara dà. Wọ́n ń fi èèpo èso líle tí a lọ̀ fọ irin rírọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, èyí ni ó jẹ́ kí a dán èèpo ẹkùrọ́ tí a gún, tí a sì sẹ́ ní asẹ́ méjì, wò. Kò lè bọ́ ìpáàrà, ṣùgbọ́n ó ń kó epo dídì àti ọ̀dà tí ó ti rọ̀ kúrò lára alumíníọ̀mù láìfi àpá sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilẹ̀ tí ọ̀pẹ ti pọ̀. Ọkà kọ̀ọ̀kan kì í kú ní ọjọ́ kan: a ń sẹ́ ẹ, a ń lò ó padà, títí yóò fi di ẹ̀bú.

Síbẹ̀, kò sí ọkà tí kò ní eruku. Ìpáàrà àti ọ̀dà àtijọ́ fúnra wọn kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fà símú, nítorí pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìṣáájú. Nítorí náà a wá ẹ̀rọ tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná, a yí ẹnu rẹ̀ padà, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ jáde láti inú àpótí dípò kí ó máa fẹ́ ẹ wọlé. Ọ̀pá tí ó gbà jáde rì sínú àgbá omi, kí eruku lè rì síbẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ kò gba ìwé: a dá iná sí ihá ẹyìn, a gbé èéfín rẹ̀ yí etí ilẹ̀kùn àti ìdí ìbọ̀wọ́ ká. Níbi tí èéfín bá ti ń wọlé, àpótí ń mí sínú, ó dára; níbi tí èéfín bá ti ń sá sẹ́yìn, àpótí ń mí sí wa lójú, a sì dí ibẹ̀. Ìgbà tí gbogbo etí rẹ̀ ń fa èéfín wọlé ni mo tó gbà pé a ti kan àpótí. A tún fi òfin lélẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn kí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kọjá tí ìbọn ti dákẹ́, àti pé kì í ṣe aṣọ tí a fi di imú, bí kò ṣe ìbòmú gidi tí ń sẹ́ eruku, ni ẹni tí ń kó ọkà sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lò.

Ó ku àwọn irin tí kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí náà. Béárìnì kò gbọdọ̀ débẹ̀, nítorí ọkà kan ṣoṣo tí ó bá kù sí i yóò jẹ ẹ́ run. Gbogbo ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀ àti orí ẹ́ńjìnnì ni a ń fi rọ́bà dí kí a tó bẹ̀rẹ̀, a sì ń fi afẹ́fẹ́, kẹrosíìnì àti omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mejì. Irin tí ó bá sì jáde, ìhòòhò ni ó wà, kò ní awọ kankan lára mọ́: nígbà òjò, ìpáàrà tuntun lè yọ lára rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà epo tàbí ọ̀dà ni a ń fi bò ó lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó ń gba ọmọ iṣẹ́ ní òwúrọ̀ kan tẹ́lẹ̀, ó ń ṣe é tán báyìí kí ìyá oníyán tó gbé iyán dé. Ní ìrọ̀lẹ́, òun ni ó máa ń ṣí ìdérí àgbá omi náà. Eruku ọjọ́ náà ti rì sí ìsàlẹ̀, ó ki bí ẹ̀kọ mímu, àwọ̀ rẹ̀ pupa díẹ̀, ó dúdú díẹ̀. Ó ń bù ú sínú korobá, ó ń gbé e lọ sí kòtò tí a gbẹ́ lẹ́yìn ìsọ̀, níbi tí kò sí kànga àti oko, ó ń dà á sí i, ó sì ń wa erùpẹ̀ bò ó.